Ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ nínú fíìmù róbọ́ọ̀tì àti ọkọ̀ ojú ọ̀run: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Tíṣà Lítíréṣọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ní sáà yìí a ka eré Ola Rotimi tó gbé ìtàn Oedipus ará Gíríìsì wọ ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí Ọdẹ́wálé ti pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, tó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya. Àwọn ọmọ náà gbádùn rẹ̀ débi pé wọn kò jẹ́ kí n sinmi mọ́: kí ni ìyókù ìtàn àwọn Gíríìkì wọ̀nyí? Àwọn ọmọ yìí kan náà, tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lákòókò ìsinmi ọ̀sán, kò ju róbọ́ọ̀tì àti ọkọ̀ tó ń lọ sínú gbalasa òfuurufú lọ. Mo wá rò ó pé kí a máa wo fíìmù lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fíìmù tó pa méjèèjì pọ̀.

Mi ò wá èyí tó kàn yá orúkọ òrìṣà Gíríìkì lò. Ìtàn náà gan-an ni mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú fíìmù. Ọmọ ọdún 15 sí 17 ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn àbúrò wọn ní JSS yóò yọ́ wọlé. A ní gbọ̀ngán, a ní projẹ́kítọ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Sinimá

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Talos, òmìrán idẹ inú ìtàn Gíríìkì, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Jason and the Argonauts lorúkọ fíìmù náà, ọdún 1963 ló jáde. Àwọn atukọ̀ Jason gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí àwọn ère idẹ fìrìgbọ̀n wà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé oúnjẹ àti omi nìkan ni kí wọ́n mú níbẹ̀. Hercules wọ inú ilé ìṣúra tó wà nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ère náà, ó rí abẹ́rẹ́ ìdìṣọ kan tó gùn bí ọ̀kọ̀, ó sì gbé e. Bí wọ́n ṣe jáde síta ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ère náà yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wò wọ́n, ó sì sọ̀ kalẹ̀ látorí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà, kò bínú. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ló ń ṣe. Jason ló wá tú ìdérí tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Omi gbígbóná tú jáde, èéfín ń rú lára rẹ̀, ère náà sì di ọrùn ara rẹ̀ mú bí ẹni tí èémí ń tán nínú rẹ̀, kó tó sán, kó sì wó lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fetí sí ìró irin yẹn dáadáa. Láti ọdún yẹn wá, mi ò tíì rí róbọ́ọ̀tì inú fíìmù tí ikú rẹ̀ dùn mí tó ti Talos.

Ray Harryhausen ló jẹ́ kó rìn. Ọmọlangidi kékeré ni: yóò sún un díẹ̀, yóò ya àwòrán kan, yóò tún sún un. Ìjà àwọn egungun méje tó wà nígbẹ̀yìn fíìmù náà gbà á ju oṣù mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló jẹ́ lójú òǹwòran.

Ẹ sọ fún wọn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe Hollywood ló dá Talos sílẹ̀. Apollonius ti Rhodes ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù: ọkùnrin idẹ tó ń yí erékùṣù Crete ká nígbà mẹ́ta lójúmọ́, tó ń ju òkúta lu ọkọ̀ àjèjì. Àwọn mìíràn nínú àwọn Gíríìkì sọ pé iṣan kan ṣoṣo ló ní láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, pé ìṣó idẹ ni wọ́n fi dí i.

Arẹ́mọ Sáyẹ́ǹsì

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ sáyẹ́ǹsì dà nínú ìyẹn? Zeus àti Hera, ọba àti ayaba àwọn òrìṣà Gíríìkì, ló ń darí gbogbo rẹ̀ látòkè bí ẹni ń ta ayò. Ohun tí Tíṣà béèrè ni fíìmù tó pa méjèèjì pọ̀.

Sunshine ni tèmi, ti ọdún 2007. Danny Boyle ló darí rẹ̀, Alex Garland ló kọ ọ́. Ọdún 2057 ni ìtàn náà. Òòrùn ń kú lọ, ayé sì ti tutù. Àwọn mẹ́jọ wọ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Icarus II, wọ́n gbé bọ́ǹbù tó tóbi bí ìlú dání, wọ́n fẹ́ lọ jù ú sínú òòrùn kí iná rẹ̀ lè tún ràn. Icarus àkọ́kọ́ ti lọ ní ọdún méje ṣáájú, kò padà.

Ẹ rántí ìtàn Icarus. Daedalus bàbá rẹ̀ fi ìyẹ́ àti ìda ṣe apá fún un. Ó ní kó má fò ga jù kí òòrùn má baà yọ́ ìda náà, kó má sì fò sísàlẹ̀ jù kí omi òkun má baà mú ìyẹ́ wúwo. Fíìmù yìí gba ìtàn yẹn, ó sì sọ ọ́ di ìṣirò. Ìda tiwọn ni apata wúrà ńlá tó bo iwájú ọkọ̀. Níbi tó bá dojú kọ òòrùn dáadáa, gbogbo wọn yè. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, iná jó wọn. Ẹni tó ṣírò ọ̀nà tuntun fún ọkọ̀ náà ṣe é pé, àfi pé ó gbàgbé láti yí apata bá ọ̀nà tuntun mu. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ikú wọn nìyẹn. Kò sí òrìṣà kankan tó bínú.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dá dúró kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Dókítà inú ọkọ̀ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń wo òòrùn, ó ní kí kọ̀ǹpútà túbọ̀ ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Kọ̀ǹpútà ní tó bá dé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ yóò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó lè wo ìdá 3.1 fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Nígbà tó yá tí ọ̀gá ọkọ̀ wà níta tí òòrùn ń bọ̀ wá jó o, dókítà yìí kò sọ fún un pé kó sá. Ohun tó ń bi í léraléra ni pé, kí lo rí? Ibẹ̀ ni Icarus wà. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya aláìgbọràn lásán. Ohun tó wà lókè yẹn ló ń fà á.

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìdajì kejì, ẹnì kan sì ń lépa wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ìsọ̀rí R (ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ dá wò ó láìsí àgbàlagbà) ni wọ́n fi í sí ní Amẹ́ríkà. SS3 ni kí ẹ fi hàn, ẹ lé àwọn JSS jáde.

Bàbá Sinimá

Arẹ́mọ, mo gbọ́, Sunshine dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí Talos lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ ni, wọn kò bí i. Hephaestus alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sọ pé ó ṣe é, pẹ̀lú iná, òòlù àti ìṣó. Nínú ìwé kejìdínlógún Iliad, Homer akéwì Gíríìkì sọ bí Thetis, òrìṣà òkun, ṣe bá Hephaestus nínú ilé àgbẹ̀dẹ tó ń làágùn. Ogún àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń rọ, ó fi àgbá kẹ̀kẹ́ wúrà sísàlẹ̀ wọn kí wọ́n lè máa dá yí lọ síbi ìpàdé àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì dá padà wálé. Àwọn wúńdíá tó fi wúrà ṣe ló dì í mú bó ṣe ń tiro. Wọ́n ní òye, wọ́n ní ohùn, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ta ló tún ń sọ fún mi pé àwọn ènìyàn yìí kò ronú kan róbọ́ọ̀tì?

Nínú Odyssey, ewì Homer mìíràn nípa bí Odysseus ṣe ń wá ọ̀nà ilé, àwọn ará Phaeacia ní ọkọ̀ ojú omi tí kò ní atukọ̀ tàbí ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ náà mọ èrò inú ènìyàn, ó sì mọ ọ̀nà gbogbo ìlú. Lucian tún wá ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ó kọ ìtàn ọkọ̀ tí ìjì gbé dé orí òṣùpá, níbi tí ọba òṣùpá àti ọba òòrùn ti ń jagun nítorí ta ni yóò tẹ̀dó sórí ìràwọ̀ òwúrọ̀. Tíṣà, ojú ewé kan ṣoṣo nínú èyíkéyìí wọn ni kí ẹ kà sétí wọn kí iná tó kú nínú gbọ̀ngán. Àwọn ìtumọ̀ àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Tíṣà, ẹ ti ka Ọdẹ́wálé pẹ̀lú wọn tán, ẹ ò sì mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ yín. The Matrix ni kí ẹ fi ṣe é, ti 1999, fíìmù tí ayé inú rẹ̀ jẹ́ àlá tí ẹ̀rọ gbé kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nínú eré yẹn, ohun tó ń da àwọn ọmọ láàmú ni ìbéèrè kan: bí Ifá kò bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣé Ọdẹ́wálé ìbá ṣe ohun tó ṣe? Oedipus náà rèé. Ó lọ sí Delphi, ibi tí aríran òrìṣà Apollo wà, wọ́n ní yóò pa bàbá rẹ̀, ó sá kúrò nílé kó má baà ṣẹlẹ̀, ojú ọ̀nà ibi tó ń sá lọ ló ti pàdé bàbá rẹ̀.

Ẹ wá wo Neo, akọni fíìmù náà. Wọ́n mú un lọ bá aríran kan. Kì í ṣe inú ihò àpáta, kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Inú ilé kékeré kan ni, ìyá àgbàlagbà ló wà ní kíṣínì tó ń yan bisikíìtì. Kó tó jókòó, ìyá náà ní kó má ṣe ìyọnu nípa ìkòkò òdòdó yẹn. Neo béèrè pé ìkòkò òdòdó wo, ó yí padà láti wò ó, ọwọ́ rẹ̀ gbá a, ó fọ́. Ìyá náà wá ní ohun tí yóò máa dà á láàmú lẹ́yìn èyí ni bóyá ìbá ṣì fọ́ ọ ká ní òun kò sọ̀rọ̀. Gbogbo Oedipus ló wà nínú ìkòkò yẹn! Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ẹ kàn bi wọ́n pé, ta ló fọ́ ọ? Ẹ ó rí ariwo tí yóò sọ.

Lókè ẹnu ọ̀nà kíṣínì náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Látìn pé kí o mọ ara rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà ní tẹ́ńpìlì Apollo ní Delphi nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó jí Neo lójú oorun ń jẹ́ Morpheus, orúkọ òrìṣà tó ń gbé àlá kalẹ̀. Nínú apá kejì, Persephone, orúkọ aya Hades ọba òkú, jẹ́ aya ọ̀gá àwọn tó yẹ kó ti kú kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Ìbọn pọ̀ nínú rẹ̀, èébú díẹ̀ sì wà, R ni òun náà. Bí ọ̀gá ilé ìwé kò bá fọwọ́ sí i, kíṣínì yẹn nìkan tó fún odindi kíláàsì kan.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, R lẹ ń kó sílẹ̀ fún un látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún yín pé àwọn ọmọ kéékèèké yóò yọ́ wọlé.

Fún àwọn kékeré: Atlantis: The Lost Empire, fíìmù bèbí (kàtúùnù) tí Disney ṣe ní 2001. Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Atlantis, ìlú alágbára tí òkun gbé mì. Nínú fíìmù yìí ọdún 1914 ni, wọ́n wọ ọkọ̀ abẹ́ omi lọ wá a, ẹranko òkun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ abàmì ẹ̀dá wá jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ará Atlantis ṣe. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Bákan náà ni Ulysses 31, eré bèbí tẹlifíṣàn tí àwọn Faransé àti àwọn ará Japan jọ ṣe ní 1981, apá 26 ni. Odysseus ti wà nínú ọkọ̀ ojú sánmà ní ọ̀rúndún kọkànlélọ́gbọ̀n. Ó pa Cyclops, abàmì olójú kan, láti gba ọmọ rẹ̀ Telemachus sílẹ̀, àwọn òrìṣà bínú, wọ́n sọ àwọn atukọ̀ rẹ̀ di ẹni tó sùn lọ, wọ́n pa ọ̀nà ilé rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Àfi tó bá rí ìjọba Hades ló tó lè dé ilé. Apá kọ̀ọ̀kan kò gùn, kò sì ní jẹ epo.

Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má fi Prometheus ti 2012 han ọmọ kankan. Mo wò ó tán, mi ò lè jẹun. Obìnrin kan fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ara rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Arẹ́mọ Sáyẹ́ǹsì

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa ti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kí Tíṣà fúnra wọn wo Prometheus nílé, nítorí wọ́n lè sọ ọ́ lẹ́nu. Prometheus jí iná fún ènìyàn, Zeus dè é mọ́ àpáta, ẹyẹ idì ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú fíìmù Ridley Scott, àwọn ènìyàn ló gbéra lọ bá àwọn tó dá wọn, láti bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ dá wa. Róbọ́ọ̀tì kan, David, wà láàárín wọn. Ó bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí ẹ̀yin dá èmi. Ìyẹn ní nítorí pé a lè ṣe é ni. David ní kó ro bí yóò ṣe rí lára rẹ̀ tí ẹlẹ́dàá tirẹ̀ bá fún un ní èsì kan náà. Lẹ́yìn náà ló ti ìka kan bọ inú ọtí ọkùnrin náà, pẹ̀lú ẹ̀kán omi dúdú kan. Ìjìyà tún ń tẹ̀lé olè iná.

Èyí tó jọ ọ́ tí ọmọdé lè wò ni Frankenstein ti 1931. Mary Shelley tó kọ ìwé náà ní 1818 fúnra rẹ̀ ló fi Prometheus sínú àkọlé kejì rẹ̀. Mànàmáná dípò iná tí wọ́n jí. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan péré, dúdú àti funfun ni.

Tíṣà Lítíréṣọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ ti ṣe mí lóore. Ìbéèrè mi kan rèé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ fúnra mi, tí mo bá rí fíìmù tuntun, pé ìtàn Gíríìkì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ lásán?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ yọ orúkọ náà kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Nínú fíìmù Dune, ìdílé Paul, akọni rẹ̀, ń jẹ́ Atreides, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ Atreus, ìyẹn Agamemnon àti Menelaus, àwọn ọba Gíríìkì. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Leto, bí ìyá Apollo. Ẹ pè wọ́n ní orúkọ míì, fíìmù náà kò yẹ̀. Iyì ni orúkọ yẹn fún ìdílé náà, ó sì ń jẹ́ ká máa fura pé ibi ń bọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo The Hunger Games ti 2012. Kò sí orúkọ Theseus níbì kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Suzanne Collins tó kọ ọ́ ti sọ pé ibẹ̀ ni òun ti mú un: Athens tó gbọ́dọ̀ máa kó ọ̀dọ́kùnrin méje àti wúńdíá méje ránṣẹ́ sí Crete fún Minotaur, abàmì olórí màlúù, gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ fa ìyẹn yọ, fíìmù náà ti tán. Katniss, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, jáde láti rọ́pò àbúrò rẹ̀, Theseus ọmọ ọba Athens náà ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Èyí dára fún àwọn ọmọ yín, PG-13 ni (kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé 13).

Eternals ti 2021 wà láàárín. Àwọn àjèjì láti òkèèrè ni àwọn Gíríìkì rí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ Athena àti Hephaestus. Orúkọ pọ̀ níbẹ̀ jù fún mi, àmọ́ ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ikaris, ẹ wo ibi tó fò lọ nígbẹ̀yìn.

Àdùnní Bàhíà

Ẹ kú iṣẹ́ láti Salvador. Kì í ṣe fíìmù sáyẹ́ǹsì ni mo mú wá, ṣùgbọ́n Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọdẹ́wálé yóò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Orfeu Negro, 1959, Marcel Camus ló darí rẹ̀, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes. Nínú ìtàn Gíríìkì, Orpheus lọ wá Eurydice aya rẹ̀ ní ilé òkú, wọ́n ní kó má wẹ̀yìn; níbí, Orpheus jẹ́ awakọ̀ tíráàmù ní Rio, àkókò kánífà ni. Nígbà tó ń wá Eurydice tó ti kú, ilé òrìṣà ni wọ́n mú un lọ. Ìlù ń dún, ẹ̀mí gun ìyá arúgbó kan, ohùn Eurydice sì ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kó má wẹ̀yìn. Orpheus wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tó mọ bí òrìṣà ṣe ń gun ènìyàn yóò lóye ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òǹwòran lọ.

Bàbá Sinimá

Ẹ ṣé gan-an, Àdùnní. Tíṣà, ti 2001: A Space Odyssey ti 1968 kù. Kubrick tó darí rẹ̀ àti Arthur C. Clarke tó bá a kọ ọ́ fi orúkọ ewì Homer sí i kedere. Ọkùnrin kan tó jìnnà sí ilé, abàmì olójú kan tó fẹ́ pa á. HAL, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ojú pupa kan ṣoṣo ló ní, Bowman, ọkùnrin náà, sì ṣẹ́gun rẹ̀ bí Odysseus ṣe ṣẹ́gun Cyclops: ó wọ inú rẹ̀, ó ń yọ ọpọlọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwà ìbàjẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí méjì, fún bí ìṣẹ́jú 25 àkọ́kọ́ kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ẹ tan ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù, nítorí ìró jẹnẹrétọ̀ àti bí àwọn òyìnbó yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ yára. Ẹ wà á sórí fíláàṣì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má gbójú lé dáta gbọ̀ngán. Ẹ sì wo èyíkéyìí tán fúnra yín kí ọmọ kankan tó rí i.

Tíṣà Lítíréṣọ̀

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jason àti Talos ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ojú ewé Hephaestus láti inú Iliad. Kíṣínì Matrix ni ìkejì, nínú kíláàsì, kí a tó ṣàtúnyẹ̀wò Ọdẹ́wálé fún ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn The Hunger Games, lẹ́yìn rẹ̀ 2001 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sunshine di ti SS3. Àwọn JSS yóò máa wo Ulysses 31 nínú kíláàsì tiwọn. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé epo fẹ́ tán lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé nǹkan kan wà tí kò tó wákàtí kan fún àwọn àgbà?

Arẹ́mọ Sáyẹ́ǹsì

Ó wà. Star Trek àtijọ́, eré tẹlifíṣàn nípa ọkọ̀ ojú ọ̀run, apá tó ń jẹ́ "Who Mourns for Adonais?", 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Bí ìṣẹ́jú 50 ni. Ọwọ́ ńlá kan jáde nínú òfuurufú, ó gbá ọkọ̀ wọn mú. Apollo fúnra rẹ̀ ni. Ó ní àwọn arìnrìn-àjò láti ojú ọ̀run ni òun àtàwọn yòókù, pé àwọn ti gbé Gíríìsì ní bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ń bọ wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n gbàgbé wọn, àwọn yòókù bá fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló kù. Ó fẹ́ kí wọ́n dúró kí wọ́n máa bọ òun. Wọ́n kọ̀. Inú sáà kejì ló wà, ẹ má wá a nínú ti àkọ́kọ́.